MacGregor: Orúkọ tí Ọba Fòfin Dè
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní òkè ilẹ̀ Scotland, ‘ọmọ’ ni ‘Mac’. Ọmọ Gregor sì ni MacGregor. Ní ọdún 1603, lẹ́yìn tí ìdílé yìí pa ọ̀pọ̀ ará Colquhoun ní Glen Fruin, Ọba James Kẹfà fòfin de orúkọ náà: ikú ni fún ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ. Wọ́n fi orúkọ ìdílé mìíràn bora. Wọ́n fagi lé òfin náà ní 1661, wọ́n dá a padà ní 1693. Ọdún 1774 ni ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, idà, adé àti igi tí a fà tu tòun ti gbòǹgbò ni àmì ìdílé wọn; àkọmọ̀nà wọn sì ni pé ìran ọba ni àwọn. Ọba gba orúkọ lẹ́nu wọn. Kò rí ìtàn gbà lọ́kàn wọn.