Clotilda, Ọkọ̀ Onígbòkun Tí Ó Kó Àwọn Ènìyàn Wa Lọ sí Alabama

Láti Àjàṣẹ́ wa yìí dé Ouidah, ọ̀nà náà kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà. Lójú òkun Ouidah ni ọkọ̀ onígbòkun kan ti Amẹ́ríkà wá dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 1860, nítorí ìgbì etíkun wa kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá sún mọ́ ilẹ̀. Clotilda ni orúkọ rẹ̀.

A kò kan ọkọ̀ náà fún òwò ẹrú. William Foster ni ó kàn án ní ìlú Mobile ní ọdún 1855, ó ní òpó ìgbòkun méjì, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 26. Pákó ni ó sábà máa ń kó. Láti ọdún 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́rọ̀ kan, Timothy Meaher, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn pé òun yóò kó wọn wọlé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi òun ṣe. Foster gbé wúrà tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 9,000 wá sí Ouidah.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí: àwọn tí ó tà wọ́n kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, ni ó kó ìlú wọn lójijì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Òpìtàn Sylviane Diouf tọ́ka sí agbègbè Bantè gẹ́gẹ́ bí ibi tí Kossola, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ti wá.

Ènìyàn 110 ni ọkọ̀ náà kó lọ. Nígbà tí ó dé Mobile ní oṣù keje, wọ́n kó wọn bọ́ sílẹ̀ lóru, Foster sì dáná sun ọkọ̀ rẹ̀ nínú odò kí ẹ̀rí má bàa sí. Ẹjọ́ tí ìjọba pe Meaher tú ká. Ọdún 2019 ni wọ́n tó kéde pé a ti rí àfọ́kù ọkọ̀ náà nínú ẹrẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ọkọ̀ náà kó kò dákẹ́. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí, owó ọkọ̀ ni kò sí. Wọ́n bẹ Meaher pé kí ó fún wọn ní ilẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ra ilẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì tẹ ìlú Africatown dó. Níbẹ̀ ni Kossola gbé títí ó fi kú ní ọdún 1935, lẹ́yìn tí ó ti ro ìtàn ara rẹ̀ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston.

Kossola àti aya rẹ̀ Abile, tí ọkọ̀ kan náà kó wá, fún àwọn ọmọ wọn ní orúkọ méjì-méjì, ti Amẹ́ríkà àti ti ilé. Aleck ni wọ́n pe àkọ́bí wọn lójú àwọn òyìnbó. Orúkọ rẹ̀ kejì, bí ìwé ti kọ ọ́, ni Iyadjemi. Ní Àjàṣẹ́, a kò nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ ọ.