Ẹni tó lọ sí Bọ́mà

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ogún ọdún kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ládùúgbò wa bi mí pé, "Bàbá, kí ni wọ́n ń pè ní Bọ́mà?" Mo ní, "Ẹni tí ò tó ẹ lọ́jọ́ orí lọ jagun níbẹ̀."

Isaac Fadoyebo ni mo ní lọ́kàn, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1942. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn sójà Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Àwọn kan kú lójú ẹsẹ̀. Ìbọn fọ́ Isaac lẹ́sẹ̀. Àgbẹ̀ kan, Shuyiman, ló fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń bọ́ wọn. Wọn ò gbédè ara wọn rárá! Èmi tí mo fi èdè jẹun, ìyẹn ò yé mi tán.

Isaac padà wálé, ó sì kú lọ́dún 2012. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ní Taukkyan nítòsí Rangoon, wọ́n fín orúkọ àwọn sójà bí 27,000 tí a ò mọ sàréè wọn sára òkúta, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, tí àgbàlagbà bá dárúkọ Bọ́mà nílé yín, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé: ta ló lọ, ta ni ò dé?