Ọwọ́ àti Ẹ̀rọ ní Barcelona: Ìtàn Bí Àwọn Ayàwòrán Ilé Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó ro ilé ní ọkàn ni ó máa ń dúró ti àwọn tí ń mọ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní àárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni Leon Battista Alberti, ará Ítálì, kọ ìwé kan nípa ilé kíkọ́, nínú èyí tí ó ti sọ pé iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni láti fi ilà àti ìwọ̀n là á sílẹ̀ bí ilé yóò ti rí, àti pé ohun èlò lásán ni ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ́ fún un. Láti ìgbà náà ni odi ti ń ga sí i láàárín ẹni tí ń ya ilé àti ẹni tí ń kọ́ ọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù pé òun ni yóò parí ìyapa náà, tí yóò sọ ayàwòrán di ẹni tí kò mọ bí òkúta ti wúwo tó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Barcelona, ní ilẹ̀ Sípéènì, fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán níbi tí àwọn tí ó kọ́ ẹ̀rọ náà bá ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ mọ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 1882 ni a fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Sagrada Família lélẹ̀ ní ìlú náà. Ní ọdún 1883 iṣẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ Antoni Gaudí, ẹni ọdún 31. Ọmọ alágbẹ̀dẹ bàbà ni Gaudí. Ní ibi iṣẹ́ baba rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rí bí pẹlẹbẹ irin ṣe ń di ohun tí ó ní inú àti ẹ̀yìn. Bóyá nítorí èyí ni kò fi gbẹ́kẹ̀ lé bébà. Nígbà tí ó ń múra ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn sílẹ̀ ní Colònia Güell, ńṣe ni ó so okùn rọ̀ láti òkè, tí ó sì fi àpò wẹ́wẹ́ tí ọta òjé wà nínú wọn kọ́ ara okùn náà. Bí ẹrù ti fa okùn sí ìsàlẹ̀ ni òpó àti òrùlé yóò ti gbà gbé ẹrù bí a bá dojú gbogbo rẹ̀ kọ òkè. Ó ní kí a ya fọ́tò rẹ̀, ó sì yí fọ́tò náà po. Fún Sagrada Família, ẹfun tí àwọn oníṣẹ́ ilé wa ń pè ní POP ni ó fi ṣe àwòṣe. Àwọn àwòṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì náà tóbi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ilé gan-an, tó bẹ́ẹ̀ tí òpó tí yóò ga ní mítà 10 yóò fi ga ní mítà 1 ní ibi iṣẹ́. Ènìyàn lè ti orí bọ inú wọn kí ó sì wòkè.

Ní oṣù kẹfà, ọdún 1926, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú gbá Gaudí, ó sì kú ní ọjọ́ kẹta. Ó ku púpọ̀ kí ilé náà parí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní oṣù keje, ọdún 1936, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Sípéènì. Wọ́n sun ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní iná. Àwọn àwòrán jóná, wọ́n sì fọ́ àwọn àwòṣe náà wẹ́wẹ́. Ohun tí ó kù kò ju àfọ́kù lọ. Àwọn tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ ṣa àfọ́kù wọ̀nyí jọ, wọ́n sì ń to èyí tí wọ́n bá lè tò. Nínú ìtàn iṣẹ́ ọwọ́, irú àdánù yìí wọ́pọ̀: ọ̀gá kú, ìwé kò sí, ọmọ iṣẹ́ ń darúgbó. Ní ibi púpọ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Ohun tí ó gba iṣẹ́ yìí là ni pé Gaudí kò ṣe àwọn ìrísí rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní ọdún bíi méjìlá tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ó kọ ìrísí tí kò ní òfin sílẹ̀, ó sì di àwọn ìrísí jọ́mẹ́tírì mélòó kan mú. Èyí tí ó lò jù fún fèrèsé àti òrùlé kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Kí a mú ìdì igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gún régé, kí a so ó ní àárín, kí a wá lọ́ orí rẹ̀ sí ọ̀tún àti ìdí rẹ̀ sí òsì. Orí yóò ṣí, ìdí yóò ṣí, àárín yóò sì tín-ín-rín bí ìbàdí gángan. Igi kọ̀ọ̀kan ṣì gún bí ó ti gún tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ odindi rẹ̀ ti di ohun tí ó yípo tí ó sì tẹ̀. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé bíríkìlà tí ó ní okùn àti rúlà nìkan lè kọ́ ohun tí ojú rí bí ẹni pé ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe é. Ẹni tí kò fẹ́ràn òṣìṣẹ́ kò ní ronú kan irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1979 ni Mark Burry, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cambridge tí ó jẹ́ ọmọ New Zealand, wá sí Barcelona. Ó bá àwọn àgbà méjì níbẹ̀, Isidre Puig Boada àti Lluís Bonet i Garí, tí wọ́n mọ Gaudí lójúkojú tí ọjọ́ orí wọn sì ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tí wọn yóò ní kí àwọn oníṣẹ́ ṣe. Àfọ́kù POP ni wọ́n fi hàn án. Wọ́n mọ irú ìrísí tí ọ̀gá wọn lò. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ibi tí ìbàdí kọ̀ọ̀kan wà, bí ó ti fẹ̀ tó, àti ibi tí ìrísí kan ti gé òmíràn. Iṣẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà nìyẹn. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, pẹ́ńsùlù àti rúlà ni ó fi ń wá a. Bí ó bá ya ìrísí mẹ́ta tí wọ́n gé ara wọn, tí ó sì rí i pé ojú ìpàdé wọn kò bá ti àfọ́kù mu, kò sí ohun tí ó lè ṣe ju pé kí ó tún gbogbo rẹ̀ yà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èyí ń lọ, àwọn tí kò ronú nípa ilé rárá ti ń ṣe ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 1952, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, a fi ẹ̀rọ agérin kan hàn tí nọ́ńbà tí a lu sí ara bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ń darí. Nítorí ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní ọdún 1963, ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà, Ivan Sutherland fi ètò kan tí ó pè ní Sketchpad gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ń fi kálàmù oníná ya àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó ya ni lẹ́nu jù. Bí ó bá ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ilà méjì dọ́gba, bí ó bá yí ọ̀kan padà, èkejì á tẹ̀ lé e. Ní Faransé, Pierre Bézier ń wá ọ̀nà láti fi nọ́ńbà ṣàpèjúwe ara mọ́tò ní ilé iṣẹ́ Renault. Àwọn Dassault tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú sì bẹ̀rẹ̀ ètò tí a wá mọ̀ sí CATIA ní ọdún 1977. Èyí yẹ ní ìrántí, nítorí àwọn ayàwòrán ilé a máa sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí ohun èlò wọ̀nyí. Àyálò ni wọ́n.

Ní òpin àwọn ọdún 1980 ni kọ̀ǹpútà wọ inú iṣẹ́ Sagrada Família, nígbà tí Jordi Bonet, ọmọ Lluís Bonet, jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán níbẹ̀. Ètò tí àwọn ayàwòrán ilé ń lò káàkiri, bíi AutoCAD tí ó jáde ní ọdún 1982, kò tó fún un, nítorí bí ẹni ń ya bébà pẹlẹbẹ ni a ṣe ń lò ó. Àwọn Burry ní láti lọ kọ́ CADDS5, tí àwọn tí ń ṣe bàálù àti ọkọ̀ ojú omi ń lò. Wọ́n wọn àfọ́kù POP, wọ́n fi ìwọ̀n náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń sún ìbàdí ìrísí kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn títí ojú ìpàdé wọn fi ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ohun tí Gaudí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ wá di ohun tí a ń tún ṣe lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè mọ ohun tí ó yẹ kí a wá. Ọdún mẹ́wàá tí Burry fi pẹ́ńsùlù ṣòfò, bí a bá lè pè é ní òfò, ni ó kọ́ ọ ní ìbéèrè tí yóò bi ẹ̀rọ. Ní ọdún 2000 ni àwọn òrùlé àárín ṣọ́ọ̀ṣì náà parí.

Kò pẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ kan náà fi ṣẹlẹ̀ ní etí òkun ìlú yìí. Nítorí ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1992, Frank Gehry, ayàwòrán láti Amẹ́ríkà, fẹ́ gbé ẹja irin ńlá kan kalẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 56. Àwòrán orí bébà kò lè sọ ara ẹja náà fún àwọn tí yóò rọ ọ́, ọjọ́ sì ń lọ. Jim Glymph, tí ó ń bá Gehry ṣiṣẹ́, ni ó ní kí a lọ wá CATIA. Láti inú kọ̀ǹpútà ni ìwọ̀n ti dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Permasteelisa ti Ítálì tí ó ṣe irin náà. Láti ibi ẹja yìí ni wọ́n ti gba ìgboyà láti kọ́ ilé Guggenheim ti ìlú Bilbao, tí a ṣí ní ọdún 1997. Síbẹ̀ Gehry fúnra rẹ̀ kò lo kọ̀ǹpútà. Bébà àti igi ni ó fi ṣe àwòṣe, àwọn mìíràn sì wọn ìwọ̀n rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ni ó pẹ́ jù kí wọ́n tó lóye èyí. Ní ọdún 1994, Yunifásítì Columbia ní New York bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ilé yíyà tí kò lo bébà mọ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ìrísí tó rẹwà pọ̀ nínú ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yà, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà kì í sọ fún ènìyàn pé igi ń ya tàbí pé òkúta ń já bọ́. MIT ni ó gbé igbésẹ̀ tí ó kàn, láìro pé ó kan ilé. Ní ọdún 1998, Neil Gershenfeld ṣí kíláàsì kan níbẹ̀ láti kọ́ àwọn olùṣèwádìí mélòó kan bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀, ó pè é ní ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe ohun gbogbo, àfi díẹ̀. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó dé, ayàwòrán ilé àti oníṣẹ́ ọnà wà nínú wọn. Wọn kò wá ìwé ẹ̀rí, wọ́n fẹ́ ṣe nǹkan ni. Láti ibẹ̀ ni àwọn ibi iṣẹ́ tí a ń pè ní Fab Lab ti tàn káàkiri. Ọ̀kan dé Takoradi ní Gánà láàárín ọdún díẹ̀, òmíràn sì dé ilé ẹ̀kọ́ IAAC ní Barcelona. Ní ọdún 2010, àwọn ará IAAC fi ẹ̀rọ gé igi, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tò ó di odindi ilé kan, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìdíje ilé alágbára oòrùn ní Madrid.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún ya Sagrada Família sí mímọ́. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí ń fi lẹ́búlẹ́bú tẹ àwòṣe jáde ní ìpele-ìpele ti wà ní ibi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí àwòṣe bá ti jáde, àwọn oníṣẹ́ POP ni í gbà á, tí wọn á fá a, tí wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣe, kí àwọn ayàwòrán lè ti orí bọ inú rẹ̀ kí wọ́n sì wòkè.