Bí ẹ ṣe lè kan tábìlì kékeré nílé tí kò ní í là nígbà ọyẹ́

Tábìlì kékeré tí wọ́n máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ àga nínú yàrá ìgbàlejò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sítúùlù, wà lára iṣẹ́ igi tí ẹni tí kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ayùn, ìfági, òòlù, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò, téèpù ìwọ̀n àti gúlù funfun ni olórí irinṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sábà máa ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pákó tútù.

Igi máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì máa ń tú u sílẹ̀. Nígbà òjò, pákó á wú. Bí ọyẹ́ bá dé, á sún kì. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìbú rẹ̀ ni ó ń yí. Ìdí nìyí tí tábìlì tí wọ́n fi pákó tútù kàn nínú oṣù kẹfà fi lè là nínú oṣù kìn-ín-ní, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa mì.

Bí ẹ bá ra pákó dé, ẹ tò ó sí abẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn. Ẹ má ṣe sá a sínú oòrùn gangan, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ ṣáájú inú, á sì sán. Ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ máa gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti gbẹ tó.

Ní ti irú igi, ìrókò le, ìkán kì í sì tètè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ máa ń yọ imú àti ara lẹ́nu. Ẹ fi aṣọ bo imú. Ọ̀mọ̀, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, rọrùn láti gbẹ́. Arère fúyẹ́, ó sì rọ̀, ṣùgbọ́n ìkán fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ó dára ni pé kí ojú tábìlì jẹ́ íǹṣì 16 níbùú lóròó, kí ó nípọn ní íǹṣì 1. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, íǹṣì 2 ní ìbú, íǹṣì 19 ní gígùn. Pákó mẹ́rin tí yóò so ẹsẹ̀ pọ̀ lókè, íǹṣì 3 ní ìbú, íǹṣì 11 àti ààbọ̀ ní gígùn.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìṣó nìkan. Ẹ gbẹ́ ahọ́n sí orí méjèèjì pákó ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó gùn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, kí ó sì nípọn ní ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn pákó náà. Ẹ gbẹ́ ihò tí yóò gbà á sára ẹsẹ̀, ẹ fi gúlù sí i, kí ẹ sì fi okùn dì í pinpin di ọjọ́ kejì. Kí gúlù tó gbẹ, ẹ fi téèpù wọn férémù náà láti igun kan dé igun tí ó dojú kọ ọ́. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, ó gún régé.

Ibi tí àwọn tí ó ń kánjú ti ń ṣubú ni ojú tábìlì. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù, kò ní ráàyè wú tàbí sún kì, yóò sì là. Ẹ kan ẹ̀là igi kéékèèké mọ́ inú férémù, kí ẹ lu ihò tí ó fẹ̀ ju súkúrù lọ díẹ̀ sí wọn, kí ẹ sì ti ìsàlẹ̀ yí súkúrù wọ ojú tábìlì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sáńpépà ha á, ẹ fi fáníṣì kun òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kun òkè nìkan, omi yóò máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, pákó á sì tẹ̀.