Ọgbà Gírámà Abẹ́òkúta àti Àwọn Tó Kàwé Níbẹ̀

Ní ọdún 1908 tí wọ́n dá Abẹ́òkúta Grammar School sílẹ̀, Ẹ̀gbá ṣì ń ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ìwé àdéhùn ọdún 1893 gbà pé ìlú náà dá dúró, kò sí lábẹ́ Gómìnà Èkó. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní ló wà lórí oyè, ìjọba rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́, ó ní àpò owó, ó sì ní àwọn akọ̀wé tirẹ̀. Irú ìjọba bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má wá ọmọ tó mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀gbá tó bá ti ka ìwé mẹ́fà tán, tí bàbá rẹ̀ sì rí owó san, Èkó ló ń gbà lọ, sí CMS Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859 tàbí sí ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1878. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò bá ní, ìwé mẹ́fà ni òpin ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ìlú náà ló gbé gírámà tuntun yìí ró. Kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba òyìnbó. Owó tí àwọn òbí ń san àti agbára ìjọ ló ń gbé e, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Abẹ́òkúta fi ka ibẹ̀ sí tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà láàárín àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́, àfi kó mú ọ̀rọ̀ ìlú àti ọ̀rọ̀ kíláàsì pọ̀, nítorí ẹnu ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà wọlé.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, olórin ìjọ tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Israel kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Èkó, láti Èkó ó kọjá sí Fourah Bay College ní Sàró, ó sì gba oyè B.A. Ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń tọ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tó yàtọ̀ nínú tirẹ̀ ni pé ó padà wá.

Ọdún 1914 le fún Ẹ̀gbá. Ní oṣù kìíní ni Lugard, gómìnà òyìnbó, da Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Ní oṣù kẹjọ, àwọn ṣọ́jà yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìjemọ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí òmìnira Ẹ̀gbá fi dópin. Ọdún yẹn kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, tó ti jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin. Mẹ́fà ni wọ́n. Orúkọ tó ṣáájú nínú ìwé ni ti Frances Abigail Olúfúnmiláyọ̀ Thomas, ọmọ Daniel Olúmúyìwá Thomas, tó ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní St. John's, Ìgbẹ̀ìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ bàbá ń sọ pé ìwé kò ṣe nǹkan kan fún ọmọbìnrin ju kó mọ ìyá ọkọ rẹ̀ í kí lọ, ilé Thomas rán tirẹ̀ lọ jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, kó sì bá wọn ṣe ìṣirò kan náà.

Ní 1918, ìjọba fi owó orí lé àwọn ará ìlú. Àwọn Ẹ̀gbá jà, wọ́n tú ojú irin rélùwéè, àwọn ṣọ́jà sì tún pa wọ́n bí ẹni pa eku. Ogun Àdùbí ni wọ́n ń pe ìjà yẹn. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, owó orí sì dúró. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ọkùnrin ló ń san án, ìyàwó rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n gba ti obìnrin lọ́tọ̀, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ń san. Ọ̀rọ̀ yìí sùn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó jí, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí ló sì ti jí.

Ọmọbìnrin Thomas lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, sí Wincham Hall ní Cheshire. Ó kọ́ orin, aṣọ rírán àti èdè Faransé. Ó tún rí bí àwọn òyìnbó ṣe ń wo aláwọ̀ dúdú, ohun tó rí sì mú kó gbé orúkọ Frances àti Abigail sílẹ̀. Nígbà tó padà dé ní 1922, Fúnmiláyọ̀ ló ń jẹ́. Gírámà tó ti jáde ló padà sí, ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 1925, ó fẹ́ Israel Ransome-Kuti, tó ti ń ṣe ọ̀gá Ìjẹ̀bú-Òde Grammar School láti 1919. Àwọn méjèèjì gbé Ìjẹ̀bú títí di 1932, lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tó tọ́ wọn dàgbà pe ọkọ wá kó wá ṣe ọ̀gá.

Ọdún méjìlélógún ni Àlùfáà Ransome-Kuti fi wà nípò yẹn. Dáódù ni wọ́n ń pè é, pàṣán rẹ̀ sì lókìkí dé Èkó. Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kì í kọjá níwájú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ro pé pàṣán nìkan ló mọ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn olùkọ́ dá ẹgbẹ́ Nigeria Union of Teachers sílẹ̀ ní 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́, wọn kò sì gbé ipò náà fún ẹlòmíràn títí di 1954. Ní 1943, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ Elliot pé kí wọ́n wádìí bí a ṣe lè dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nínú àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ọ̀gá gírámà Abẹ́òkúta ni ti Nàìjíríà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni University College Ìbàdàn ṣí ní 1948. Ọmọ tó bá ń ka ìwé lábẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun kò mọ ibi tí ìwé lè gbé èèyàn dé.

Àwọn tó ti jáde ṣáájú pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Olúmúyìwá Jibówù ti ibẹ̀ dé Oxford, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga adájọ́ ní Supreme Court Nàìjíríà. Simeon Adébọ̀, tó wá di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn àti aṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1962 sí 1967, kàwé níbẹ̀ kó tó lọ sí King's College.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan dé sínú ọgbà náà ní nǹkan bí ọdún 1940, kékeré ni, ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́ ìbéèrè. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ St. Peter's ní Aké, ìyá rẹ̀ sì bá àwọn Ransome-Kuti tan. Wọlé Ṣóyínká gba ẹ̀bùn lóríṣiríṣi níbẹ̀ nítorí àròkọ. Lónìí tí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀, ní 1986, ó dára kí a rántí pé ó ti gba ẹ̀bùn fún iṣẹ́ ìwé kíkọ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ Abẹ́òkúta ṣáájú. Nínú Aké, ìwé tó kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó jẹ́ kí a rí i pé inú Dáódù kò dùn sí i pé ọmọ náà ń lọ sí Government College Ìbàdàn, níbi tí òyìnbó ti ń ṣe ọ̀gá. Ó lọ ní 1946 ná. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní nínú ìwé ìtàn wọn.

Ohun tó rí ni àwọn ìyá ọlọ́jà tó wá jókòó sí ìdí síléètì.

Ní 1932 tí wọ́n padà dé láti Ìjẹ̀bú ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá Abẹ́òkúta Ladies' Club sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ọ̀mọ̀wé ni: wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwà. Láàárín ọdún 1940 sí 1945 ni nǹkan yí padà. Àwọn obìnrin ọjà fẹ́ mọ̀wé, ó sì ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá sì ń kọ́ èèyàn ní A, B, D yóò gbọ́ ohun tó ń dun èèyàn náà. Wọ́n sọ fún un pé àwọn aṣojú ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn pẹ̀lú agbára, nítorí ogun Hitler, owó tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ń jù sílẹ̀, nígbà míì wọn kì í san nǹkan kan. Ẹgbẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba àti sínú ìwé ìròyìn, àwọn aṣojú ìjọba sì jáwọ́ nínú ìrẹsì gbígbà. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín oníbàǹtẹ̀ ìdáná àti alágbọ̀n ọjà ti ń parẹ́. Ní 1946, wọ́n yí orúkọ padà sí Abẹ́òkúta Women's Union. Iye àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kà nígbà náà tó 20,000.

Owó orí ló kù. Àwọn obìnrin ní àwọn kò ní san mọ́, nítorí àwọn kò ní ẹnì kankan tó ń gbẹnu sọ fún àwọn nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere, ẹni tó bá ti jókòó gbọ́ ìṣirò lè rò ó já. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní fàájì ni àwọn ń lọ ṣe. Nínú ọgbà Ransome-Kuti, ìyá àgbà ọlọ́jà ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bo ojú, imú àti ẹnu nígbà tí olópàá bá ju tíágáàsì. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tó kún iwájú ààfin Aláké, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Wọ́n tún padà lọ ní oṣù kejìlá. Ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kúrò nílùú ní oṣù keje 1948, ó sì gbé adé sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ó di ìparí 1950 kó tó padà.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: kò sí àbájáde ìdánwò kan tí gírámà yẹn ní tó tóbi tó èyí. Àwọn obìnrin náà kò wọ yunifọ́ọ̀mù, orúkọ wọn kò sí nínú ìwé àwọn tó jáde, wọn kò sì gba sátífíkéètì. Síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n. Ṣóyínká sọ bí òun, ọmọ kékeré, ṣe ń bá wọn kọ́ àwọn ìyá náà ní ìwé, tó sì ń sáré jẹ́ iṣẹ́ láti ilé dé ilé. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà tí kò bá ka àwọn ìyá yẹn mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ìdajì ìtàn ni.

Dáódù kúrò nípò ọ̀gá ní 1954, ó sì kú ní 1955. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Olíkóyè di dókítà àwọn ọmọdé, lẹ́yìn náà ó di mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára di ohun tí àwọn ìyá ń tò fún ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Bẹ́kọ̀ náà di dókítà, ó sì di ajàfẹ́tọ̀ọ́. Èyí tó wà láàárín wọn, Fẹlá, kò fẹ́ràn ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún Carlos Moore, tó kọ ìtàn ayé rẹ̀, pé nígbà tí òun di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nínú gírámà tó ń jẹ́ Planless Society. Òfin ẹgbẹ́ náà kò ju kí ọmọ ẹgbẹ́ múra tán láti ṣàìgbọràn sí àṣẹ nígbàkigbà. Ọmọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn o, tó sọ pé bàbá òun ń na òun ju ọmọ yòókù lọ! Ó lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Orin tó kọ lẹ́yìn náà kò jìnnà sí òfin ẹgbẹ́ yẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kó lọ sí Ìdí-Àbà, ìjọba sì ti gbà á lọ́wọ́ ìjọ bó ṣe gba ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ míì láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Èkó ní 1948, tí wọ́n wá fi sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Abẹ́òkúta, gba ibẹ̀ kọjá. Túndé Kèlání ni. Ó ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ọnà, ó wọ gírámà, ó sì lọ di aṣefíìmù. Òun ló ṣe fíìmù Ṣaworoidẹ ní 1999, ìtàn ìlú kan tó ń bá ọba rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ lórí májẹ̀mú tó wà láàárín wọn. Nígbà tó sì fẹ́ ṣe Ayinla, fíìmù tó jáde ní 2021 nípa Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Ẹ̀gbá, Abẹ́òkúta ló kó àwọn òṣèré lọ.