Ìwòsàn bárakú oògùn olóró ní Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ìwòsàn bárakú oògùn olóró ni ìtọ́jú tí a ń fún ẹni tí oògùn olóró tàbí ọtí ti di bárakú fún, kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ara àti ọpọlọ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ibi tí a mọ̀ jù lọ fún ìtọ́jú yìí ni Ilé Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Arò, Abẹ́òkúta. Àwọn ará Ọ̀tà àti Sàngó-Ọ̀tà, tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta gba ìlú wọn kọjá, wà láàárín Arò àti irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ tí ó wà ní Yábàá, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1907.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà

Bárakú ni ohun tí ó bá ara kú, èyí tí kò ní fi ara sílẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Ẹni tí ó bá gba ìtumọ̀ yìí bẹ́ẹ̀ lè rò pé kò sí ìwòsàn. Ṣùgbọ́n Yorùbá kan náà ni ó ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ní àìsàn bárakú, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ pé kí a má tọ́jú ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú yìí gan-an ni àwọn oníṣègùn fi ń wo bárakú oògùn lónìí: àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí ó ń fẹ́ àbójútó ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, kì í ṣe ìwàkiwà lásán, kì í sì í ṣe àsàsí.

Bí ó ṣe ń di bárakú

Oògùn olóró máa ń mú kí ọpọlọ tú dopamine jáde, èròjà tí ó ń mú kí ènìyàn fẹ́ tún ohun tí ó dùn mọ́ ọn ṣe. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ìwọ̀n tí ó tó tẹ́lẹ̀ kò ní tó mọ́. Bí ó bá yá, kì í ṣe adùn ni ẹni náà ń wá mọ́. Ó kàn fẹ́ kí ara òun balẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe fàájì ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ alágbára kan ní Nàìjíríà ń lo tramadol, tí í ṣe oògùn ìrora, láti lé àárẹ̀ lọ. Ní ìlú ilé-iṣẹ́ bíi Ọ̀tà, ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn.

Ìwádìí tí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn lo igbó. Gúúsù Ìwọ̀-oòrùn ni ó pọ̀ jù, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tí ó lo oògùn ni ó ti di àìsàn fún.

Ìtọ́jú

Yíyọ oró kúrò lára ni ó ń ṣáájú. Àwọn ẹbí kan máa ń ti ọmọ wọn mọ́ yàrá kí ó lè «gbàgbé» ọtí. Ewu ńlá ni èyí, nítorí pé ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, tí ó dá a dúró lójijì, lè ní gìrì, kí ó máa ṣe ìrànrán, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà, níbi tí wọn yóò ti fún un ní oògùn tí ń dẹ ara àti fítámì B1. Ti tramadol àti codeine yàtọ̀: ìgbà tí ènìyàn bá padà sí i ni ewu pọ̀ jù, nítorí pé ara tí ó ti sinmi kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú, tí ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Bí aláìsàn bá ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, a gbọ́dọ̀ tọ́jú méjèèjì pọ̀. Ìfàsẹ́yìn wọ́pọ̀; kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú ti já sí asán, gẹ́gẹ́ bí kò ti túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó dá oògùn rẹ̀ dúró bá tún ru.

Àwọn abúlé Arò

Ní Lántòrò ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn Arò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944. Ní ọdún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo (1923–2004), ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí gbogbo ayé wá mọ̀. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí Arò ká. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ní àkókò tí ó kù, aláìsàn ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́ oko, ó sì ń bá wọn ṣe àríyá. Àwọn ará abúlé ń gba owó ilé. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ohun tí ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà kò jẹ́ dáwọ́ lé.

Kì í ṣe nítorí oògùn olóró ni wọ́n ṣe dá ètò yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Tọ́lání Àṣùní, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ̀wé lórí ìṣòro igbó ní Nàìjíríà ní ọdún 1964, Arò sì ti ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún ìtọ́jú, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí lórí bárakú oògùn. Síbẹ̀, èébú ni «Arò ni ó yẹ ọ́» ṣì jẹ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Èyí wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tètè lọ síbẹ̀.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti òfin

Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn pé a ṣì ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn aláìsàn ọpọlọ ní àwọn ilé ìwòsàn, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ilé ìjọsìn Kristẹni àti Mùsùlùmí ní Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin wèrè ti ayé ìjọba amúnisìn. Òfin tuntun náà kò fàyè gba kí a fi ìlera ọpọlọ ẹnikẹ́ni ṣe ìdí láti dù ú ní iṣẹ́ tàbí ilé.