Ẹkún Àwọn Òǹwòran ní Culloden

Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Starz ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé apá tí ó kádìí ìpín kejì eré Outlander jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wò ó ni ó sunkún. Ohun tí ó ya ni lẹ́nu ni pé ogun tí wọ́n torí rẹ̀ sunkún ti parí láti 270 ọdún ṣáájú alẹ́ náà. Kò sí ọmọ ilé-ìwé ní Scotland tí kò mọ ẹni tí ó ṣẹ́gun àti ẹni tí ó sá. Eré náà pàápàá kò fi í pamọ́. Láti ìpín kìn-ín-ní ni Claire, obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ti sọ ibi tí ọ̀ràn yóò já sí. Kí ni ó wá fa ẹkún?

Kí ìbéèrè yìí tó lè ní ìdáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ogun Culloden bí ó ti rí ní ojú ìtàn. Ọba James, tí ó jẹ́ Kejì ní England àti Keje ní Scotland, pàdánù ìtẹ́ rẹ̀ ní 1688. Àwọn tí kò gbà pé kí adé bọ́ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ ni a ń pè ní Jacobite. Ní oṣù Keje 1745, Charles Edward Stuart, ọmọ-ọmọ ọba náà, gúnlẹ̀ sí erékùṣù Eriskay pẹ̀lú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn agbolé tí ó wà ní òkè Scotland dìde tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹsàn-án ó ṣẹ́gun ní Prestonpans. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti wọ Derby ní àárín gbùngbùn England. Níbẹ̀ ni ọkàn àwọn ìjòyè rẹ̀ ti pami, wọ́n sì ní kí wọ́n padà sí ilé.

Àbọ̀ náà kò dára. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 1746, wọ́n gbéra láti lọ ká àwọn ọmọ ogun ìjọba mọ́ ibùdó wọn lẹ́bàá ìlú Nairn. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bá wọn lójú ọ̀nà, wọ́n sì padà pẹ̀lú ebi àti oorun lójú. Ní ọjọ́ kejì, nǹkan bí 5,500 ènìyàn dúró lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ Culloden, tí òjò oníyìnyín ń fẹ́ lù wọ́n lójú. Nǹkan bí 8,000 ọmọ ogun ni ó kọjú sí wọn, lábẹ́ àṣẹ Duke ti Cumberland, ọmọ Ọba George Kejì, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 25 ní àná ọjọ́ náà. Àgbá ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ará òkè dúró lábẹ́ ọta títí ara wọn kò fi gbà á mọ́, wọ́n sì yọ idà, wọ́n sáré wọ inú ìbọn. Kò pé wákàtí kan tí ọ̀ràn fi parí. Àwọn tí ó kú ní apá Jacobite fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500. Ti ìjọba jẹ́ nǹkan bí 50.

Ohun tí ó tẹ̀lé e burú ju ogun lọ. Wọ́n pa àwọn tí ó gbọgbẹ́ níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Wọ́n fi ọkọ̀ kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó ju 900 lọ sí òkè òkun. Òfin gba ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ará òkè, ó gba agbára ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn olórí agbolé, ó sì ka aṣọ tartan, aṣọ onílà tí a fi ń dá wọn mọ̀, léèwọ̀ fún àwọn ọkùnrin wọn títí di 1782. Charles ní tirẹ̀ sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Róòmù ni ó kú sí ní 1788. Àwọn tí ó tìtorí rẹ̀ kú ni wọn kò rí ibi sá sí.

Diana Gabaldon, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ìwé tí a sọ di eré yìí. Ìwé kìn-ín-ní jáde ní 1991. Ohun tí ó ta á jí sí kíkọ ọ́ yẹ fún àkíyèsí. Ó ń wo Doctor Who, eré Gẹ̀ẹ́sì tí ó dá lé ẹni tí ń rin ìrìn-àjò láàárín ìgbà, ó sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú rẹ̀ tí a pè ní Jamie, tí ó wọ aṣọ àwọn ará òkè. Láti ojú ogun Culloden gan-an ni eré náà ti mú Jamie ìyẹn wọlé, ní òpin 1966. Frazer Hines, òṣèré tí ó ṣe é, tún fara hàn nínú Outlander nígbà tí ó ti di àgbàlagbà. Ṣáájú èyí, ní 1964, BBC ti fi fíìmù Peter Watkins hàn, nínú èyí tí àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n dúró ní ojú ogun Culloden tí wọ́n ń bi àwọn ọmọ ogun ní ọ̀rọ̀, bí ẹni pé 1746 ni wọ́n wà. Ó hàn gbangba pé pápá yìí kò jẹ́ kí àwọn aláwòrán sùn.

Nínú Outlander, nọ́ọ̀sì ni Claire. Ní 1945 ó kan òkúta àtijọ́ kan lẹ́bàá Inverness, ó sì bá ara rẹ̀ ní 1743. Ó fẹ́ Jamie Fraser níbẹ̀. Ìpín kejì jẹ́ ìtàn bí tọkọtaya náà ti lọ sí Paris láti ba ètò owó Charles jẹ́, kí ogun náà má baà wáyé rárá. Gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá já sí asán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ogun, Jamie mú aya rẹ̀ tí ó lóyún lọ sí ìdí òkúta, ó dá a padà sí ayé tirẹ̀, ó sì kọrí sí ojú ìjà láti lọ kú. Apá tí ó kádìí ìpín náà ń fò láti ọjọ́ yìí sí 1968, nígbà tí Claire ti di dókítà tí ọmọ rẹ̀ Brianna sì ti dàgbà. Ní ìparí ni ó gbọ́ pé Jamie kò kú.

Níbi ìpínyà ní ìdí òkúta ni ẹkún ti bọ́. Àwọn òǹwòran mìíràn ráhùn pé ahọ́n Brianna, tí a ní Boston ni a ti tọ́ ọ, kò jọ ti ará Boston. Òṣèré náà, ọmọ England ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wọn jù lọ ni pé eré náà kò fi ogun hàn. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2017, tí ìpín kẹta bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n tó rí i. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi dúró, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ọ̀dá sọ irú àkókò ìdúró bẹ́ẹ̀ lórúkọ.

Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wà níhìn-ín. Eré náà jẹ́ kí Claire mọ ohun tí òpìtàn mọ̀, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ìmọ̀ náà ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ó ka ìtàn ogun nínú ìwé mọ iye òkú. Kò mọ bí ó ti rí láti jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹni tí a mọ̀ pé yóò wà lára wọn. Ìmọ̀lára yìí kì í ṣe irọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jamie Fraser kò gbé ayé rí. Òótọ́ kan sì wà ní ìdí rẹ̀: Gabaldon ti kà nípa àwọn ọ̀gágun tí ó gbọgbẹ́, tí wọ́n sá pamọ́ sí ilé oko kan lẹ́yìn ogun náà, tí a kó jáde tí a sì yìnbọn pa. Fraser kan ṣoṣo ni a ní ó yè.

Ṣùgbọ́n ẹkún náà kò dúró sí ìdí tẹlifíṣọ̀n. Nínú apá náà, Claire dúró ní 1968 níwájú òkúta tí a kọ orúkọ agbolé Fraser sí ní Culloden, ó sì bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òkúta náà wà ní tòótọ́. Ní 1881 ni Duncan Forbes, onílẹ̀ náà, to irú wọn síbẹ̀, 135 ọdún lẹ́yìn ogun. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ lórúkọ agbolé kan pàtó, òkú agbolé oríṣiríṣi ni ó wà fún. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ń gbé òdòdó síwájú òkúta Fraser, ẹsẹ̀ wọn sì pa koríko ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùtọ́jú pápá náà fi ní láti dáàbò bò ó. Àwọn kan bínú sí èyí, wọ́n ní ibojì ni Culloden, kì í ṣe gbàgede eré. Ìbínú náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣòro láti dá àlejò lẹ́bi pé ó sunkún lórí ibojì tí kò mọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó ni ilẹ̀ náà pàápàá kò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ó yẹ kí a ti dá eré náà lẹ́bi ni pé ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òǹwòran rò pé Scotland àti England ni ó pàdé ní Culloden. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ará Scotland wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Cumberland. Àwọn Campbell jà fún ìjọba. Àwọn ọmọ Ireland tí wọ́n ń sin ọba Faransé sì wà lẹ́yìn Charles. Ọ̀rọ̀ adé àti ẹ̀sìn ni, ó sì pín agbolé sí méjì. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ohun kékeré ní ọdún tí eré náà bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2014 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹsàn-án ni Scotland dìbò bóyá kí ó dá dúró, tí ìpín 55 nínú ọgọ́rùn-ún sì kọ̀. Àwọn ará Britain kò rí eré náà wò títí di oṣù Kẹta 2015. Nígbà tí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ Sony tú síta ní 2015, a rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ retí pé kí Outlander wà lára ohun tí wọn yóò bá olórí ìjọba, David Cameron, sọ ṣáájú ìbò náà. Lẹ́tà náà kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ pé kí a dá eré dúró, ṣùgbọ́n ìfura gbòde láàárín àwọn òǹwòran Scotland.

Ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní 2025 ni apá tí ó kádìí ìpín keje jáde. Ní ìpín kejì, Claire ti bí òkú ọmọ ní Paris, wọ́n sì sọ ọ́ ní Faith. Nísinsìnyí ó gbọ́ tí ọmọdébìnrin kan ń kọ orin tí òun fúnra rẹ̀ kọ fún òkú ọmọ náà, orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ní ayé ìgbà yẹn, ó sì gbà pé Faith kò kú. Inú àwọn òǹwòran kan dùn. Àwọn mìíràn fárígá. Wọ́n ní a ti rẹ́ wọn jẹ, pé ọ̀fọ̀ tí àwọn bá ìyá náà ṣọ̀ láti 2016 ti di yẹ̀yẹ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń tu ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú nínú pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Eré náà wá ń sọ pé omi gan-an kò dànù. Àwọn tí wọ́n bínú yìí kan náà ni inú wọn dùn nígbà tí Jamie yè ní Culloden. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí ọ̀kan tilẹ̀ yè, òkú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,500 ṣì wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó jí wọn.